Àwọn Ìwé Tí A Sá Sórí Àpáta

Nígbà tí mo ṣì kéré débi tí mo lè wọ abẹ́ tábìlì láì tẹ orí ba, ilé ìkàwé kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa ní Igbó-Ọrà. Iyàrá kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Páànù ni wọ́n fi bò ó, páànù náà sì ti dípẹtà. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú rẹ̀: àga gígùn tí ìṣó rẹ̀ máa ń fa aṣọ ya, fèrèsé onígi, àti òórùn ìwé tó ti pẹ́ nílẹ̀. Láíbìrì ni gbogbo wa ń pè é.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ibẹ̀ ni Bàbá Ṣọlá, ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó jọ pé ó fẹ́ràn ìwé ju èèyàn lọ. Kí ọmọ kan tó wọlé, yóò ní kó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, yóò yẹ àtẹ́lẹwọ́ wò, yóò yẹ abẹ́ èékánná wò. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún wa, nítorí láfún ni iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Bí a bá ti ilé ìwé dé, a ó jẹ ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú àkàrà, a ó bọ́ aṣọ, a ó sì gba orí àpáta lọ, níbi tí wọ́n sá láfún sí. Iṣẹ́ wa ni láti máa yí i padà kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀, kí a sì máa lé ewúrẹ́. Ọmọ tó bá gbájú mọ́ eré súwè títí ewúrẹ́ fi dé ìdí láfún, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò wà, ọwọ́ lókè, títí apá á fi máa gbọ̀n. Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í na ni. Etí ló máa ń fà, ó sì mọ ibi tí etí ti ń dunni jù.

Olórí àwọn oníláfún ni Ìyá Ràfíù, obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Lọ́jọ́ kan ó wá pe ọmọ rẹ̀ ní láíbìrì, ó sì na ọwọ́ sí ìwé aláwòrán kan lórí tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ràfíù, ẹ má fi ọwọ́ láfún kan ìwé mi,” ni Bàbá Ṣọlá wí.

“Ìwé yín? Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?”

“Ìwé ìjọba ni, mà.”

“Ìjọba tó ń jẹ láfún wa kò sá fún ọwọ́ wa o.”

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, kò sí oníláfún kan tó tún yà síbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, lọ́sàn-án, ó ku èmi àti Bàbá Ṣọlá nìkan nínú láíbìrì. Ojú ọ̀run ṣú. Ìjì dé kí òjò tó dé. N kò ní sọ ọ́ gùn. Mo gbọ́ tí ìṣó ń yọ lára páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń ya aṣọ, lẹ́yìn náà òkè ilé ṣí, mo sì rí ọ̀run. Bàbá Ṣọlá tì mí sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Igi àjà já lé tábìlì náà lórí, tábìlì kò fọ́, àmọ́ apá Bàbá Ṣọlá kán. Ní tèmi, kò sí ibi tó bó lára mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí atẹ́gùn bá ti mi páànù jìgìjìgì, àyà mi á máa já. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí títí dòní.

Àwọn oníláfún ló kọ́kọ́ dé, nítorí wọ́n ti sáré kó láfún nílẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, agbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi wọ́ mi jáde. Wọ́n gbé Bàbá Ṣọlá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ìyá Ràfíù wo àwọn ìwé tí òjò ń lù, ó ní, “Ẹ da láfún sí ilé mi, kí ẹ fi agbọ̀n kó ìwé!” Kò sẹ́ni tó ráyè gbọn agbọ̀n.

Nígbà tí oòrùn jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n sá gbogbo ìwé sórí àpáta. Èyí tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n bu láfún gbígbẹ sáàárín rẹ̀ kó lè fa omi. Bàbá Ṣọlá dé, wọ́n ti so apá rẹ̀ mọ́ àyà, ó figbe ta.

“Ẹ̀yin ìyá! Ìwé kì í ṣe pákí! Abẹ́ òjìji là ń gbẹ ẹ́ sí!”

“Bó bá wà lábẹ́ òjìji, ó máa bu,” ni Ìyá Ràfíù dáhùn. “Ẹ lọ sinmi apá yín.”

Kò sinmi. Ó ṣa àwọn tó dára jù nínú ìwé náà, ó tò wọ́n ní ìdúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ràfíù, níbi tí oòrùn kì í dé. Ìyókù wà lórí àpáta, àwa ọmọ sì ń ṣọ́ wọn pẹ̀lú pàṣán. Òórùn láfún ń fa ewúrẹ́ wá. Dúdú kan já etí ìwé ìṣirò jẹ, a lé e yí àpáta ká, ó sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń sáré.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Ìyá Ràfíù wí. “Ó ti mọ ìṣirò wàyí, á lè ka ọmọ tó bá bí.”

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. A gbọ́ pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kó gbogbo ìwé lọ, títí ìjọba á fi rí owó kan òrùlé. Bàbá Ṣọlá kò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá náà ń bọ̀. Ó ní bí wọ́n bá kó ìwé, wọ́n á gbé òun náà kúrò, láíbìrì sì tán nílùú wa nìyẹn.

Ṣòkòtò dúdú ni ọ̀gá náà wọ̀. Ó kọ́kọ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí àwọn ìwé tó wà ní ìdúró, ó ní kí wọ́n kó wọn sínú mọ́tò. Ó wá gun orí àpáta. Ó ṣí ìwé kan, láfún dà sí i lára láti itan dé bàtà. Ó mú òmíràn, etí rẹ̀ ti wọ ikùn ewúrẹ́. Ẹ̀kẹta ti ká kò bí ẹja gbígbẹ.

“Kí lẹ ṣe sí wọn?”

“A sá wọn ni, sà,” ni Ìyá Ràfíù wí.

“Ẹ ti ba ìwé ìjọba jẹ́, ìyá! N kò lè kó irú eléyìí wọ Ìbàdàn. Ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀ yín.”

Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Àwọn ìwé tó mọ́ tónítóní tó kó lọ, a kò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Bàbá Ṣọlá dúró, ó ń wo orí àpáta. Ìyá Ràfíù rìn bá a. “A ti fi ọwọ́ láfún kàn wọ́n, Bàbá Ṣọlá. Ó ti di tiwa nìyẹn.” Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ kan di èyí tó kán mú.

Káfíńtà àdúgbò bá wa kan pẹpẹ, Ìyá Ràfíù yọ̀ǹda iyàrá tó ń kó láfún sí, Bàbá Ṣọlá sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn obìnrin náà béèrè: bí wọ́n bá ń bẹ pákí lábẹ́ igi máńgòrò, kí ọmọ kan máa ka ìwé sí wọn létí. Èmi ni wọ́n sábà máa ń pè, nítorí n kò lè wọ abẹ́ òrùlé tí ìwé wà mọ́, àmọ́ mo lè jókòó sábẹ́ máńgòrò. Nígbà àkọ́kọ́, ohùn mi kò jáde. “Gbé ohùn sókè, ìwọ ọmọ yìí,” ni Ìyá Ràfíù wí. “Ariwo ọ̀bẹ wa ju ti ẹnu rẹ lọ.”

Lóde òní, ilé ìkàwé wa tóbi. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, fáànù ń fẹ́, wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí má wọlé. Mo máa ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí. Láìpẹ́ yìí wọ́n pe ìpàdé lórí bí ará ìlú àti ilé ìkàwé ṣe lè jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ dáadáa nípa iná mànàmáná àti ẹ̀rọ. Ní tèmi, òkè ilé ni mò ń wò. Ìgbà tí wọ́n tú ká, mo bi ọmọbìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ léèrè pé bí ìjì bá ṣí òrùlé, ta ni yóò pè.

“Ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn ni, mà,” ló wí, ó fi nọ́ńbà wọn hàn mí lórí fóònù rẹ̀.

“Kọ tèmi náà sí i. Mo ní agbọ̀n.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Òkùnkùn òjò ti ń ṣú lápá ibi tí àpáta wà, páànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún díẹ̀díẹ̀. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kì í bá mi nítòsí láíbìrì. Mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́.