Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Ìyá Ràmátù

Èmi, Màríà Àbẹ̀kẹ́ Ọlátúnjí, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọmọ Ọlátúnjí oníṣu ará Goro, ọmọ-ọmọ Àjàyí alágbẹ̀dẹ, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, èmi nìkan ni mo mọ̀wé ní agbo ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kò ní ṣàì rántí iléèwé ìgbà náà. Ẹni tó bá sọ Nàgó, èdè ilé wa, dípò Faransé, wọn a so egungun mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀, wọn a fi igi nà án lórí ìka. Kíákíá ni mo kọ́ láti má ṣe sọ pé n kò mọ̀.

Bàbá Ràmátù, aládùúgbò wa, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó máa ń rù wálé ni ìyá mi fi ń dáná dín wàrà, òórùn rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní imú mi. Lọ́jọ́ kan, ìtì igi yí lù ú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lẹ́tà kan láti iléeṣẹ́ wọn ní Parakou bá ọkọ̀ ojú irin dé fún opó rẹ̀.

Wọ́n pè mí. Mo nàró, mo ka Faransé náà láìkọsẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ mi, ó ń kàwé bí òyìnbó."

Ìyá Ràmátù ní, "Kí ni wọ́n wí, ọmọ mi?"

N kò mọ ohun tí wọ́n wí. Mo dáhùn pé, "Wọ́n ń kí yín kú ará fẹ́ra kù ni."

"Wọn kò gbàgbé rẹ̀," ni ó wí. Ó fi lẹ́tà náà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀.

Ràmátù, tí a jọ máa ń ta òkúta lábẹ́ igi òrí, fi iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà. Ó lọ ń bá wọn ro oko ní Kika kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè jẹun.

Mo di olùkọ́, mo sì fẹ̀yìn tì. Ìgbà náà ni mo lọ kí wọn. Ìyá Ràmátù ti darúgbó, ó fa lẹ́tà náà yọ. "Màdámù, bá mi tún ìkíni yẹn kà kí n tó kú."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yé mi. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ìbí àwọn ọmọ àti ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó wá sí Parakou kí oṣù méjì tó pé, kí wọ́n lè máa san owó ikú ẹnu iṣẹ́ fún òun àti àwọn ọmọ títí wọn yóò fi dàgbà. Ràmátù jókòó tì wá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi.

Mo ní, "Wọ́n ń kí yín kú ará fẹ́ra kù ni."

"Ó ṣì dùn létí," ni màmá wí.

Lónìí, bí mo bá bi ọmọ àdúgbò ní ìbéèrè, yóò ní, "Tata, mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ n lọ bèèrè." Kì í tijú. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí mo tún lẹ́tà náà kà, Ràmátù di iṣu mẹ́ta fún mi nítorí ìwé tí mo kà. Mo gbà á. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2001. Láti ọjọ́ náà, n kò tún fojú kàn wọ́n mọ́.