Ìwàásù Ìyá Ọláwándé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ìyá Ọláwándé, aránṣọ ní àdúgbò Kabong ní apá àríwá, fi há ìwàásù Gẹ̀ẹ́sì sórí nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Chad tí ìjọ ní kó gbà lálejò.

Ọmọ náà ò tíì jókòó dáadáa tí Ìyá fi da Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀. Ọmọ ń wò ó ṣáá. Ó wá fi Hausa bẹ̀ ẹ́ pé òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.

“Kai! Hausa tí mo fi ń ná ọjà láti kékeré!” Ìyá tún un bẹ̀rẹ̀: “Ọmọ mi, ṣé o mọ Jésù?”

“Pásítọ̀ ni bàbá mi, Mama. Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín.”

Ó gbàdúrà títí ìrẹsì tí Ìyá sè dè é fi tutù.

Nígbà tí ìjọ béèrè, Ìyá ní ìwàásù náà wọni lára. Kò sọ ẹni tó ṣe é.