Oṣù Tí Tíṣà Mọ́ṣádé Ò Rí

Tíṣà Mọ́ṣádé ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Opó ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, kì í sì í pẹ́ dé ibikíbi. Tí ẹ bá rí i tó ń sáré lójú títì, ẹ má bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ni. Tó bá sì ti di aago mẹ́jọ alẹ́, ó ti ti ilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ kejì.

Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló fi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ́nà Ayépé, nítorí ó fẹ́ gba dìgírì. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù fún un, ó sì mú èyí tí wọ́n ti ń kọ́ nípa oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀. Ó ní ìyẹn ló rọrùn jù. Ta ni kò rí òṣùpá rí?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wọn, Dókítà Gbàdàmọ́sí, pín ìwé olójú-ewé mẹ́rin fún wọn, tó sọ gbogbo ohun tó ń retí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta kò ní ṣe ìdánwò. Ìṣirò wà níbẹ̀, ìṣirò gidi. Ẹni tó bá sì wá nítorí kó lè mọ̀ bóyá ìràwọ̀ òun dára, kó yáa máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ríran, nítorí àwọn ìràwọ̀ tí òun ń kọ́ni kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń bi òun.

Ojú ewé kẹrin ni iṣẹ́ wà. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ní aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde wo òṣùpá, kó yà á sínú ìwé, kí ẹnì kan sì fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ló jáde. Tí òṣùpá bá dédé pòórá, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tó lọ. Ìdajì máàkì wà lórí ìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó lọ yóò tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Oṣù ni Mọ́ṣádé máa ń pe òṣùpá, bí ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ṣe ń pè é. Ọjọ́ tí oṣù tuntun lé ló bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀, Àlàájà Mùínátù tó ń ránṣọ, ló ń bá a fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ wẹ́rẹ́. Òṣùpá ń tóbi, Mọ́ṣádé ń yà á, Àlàájà ń fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, aago méje ààbọ̀ lù, kò rí nǹkan kan. Kò sí òjò, kò sí ìkùukùu. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, bákan náà. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí i.

Ọjọ́ kejìdínlógún bọ́ sí ọjọ́ tí a ń fi orin dánra wò. Ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe Micah, ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, lórí fóònù. Kò mọ̀ pé Màmá Edith, olórí Ẹgbẹ́ Ìyá, wà nínú yàrá tí a ń kó aṣọ akọrin sí, tí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ohun tí Màmá gbọ́ nìyí:

"Micah, mi ò tíì rí oṣù o. Ó yẹ kí n ti rí i láti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń rò ó pé kí n lọ bá Dókítà."

Kò sí abiyamọ tí kò mọ ohun tí obìnrin ń sọ tó bá ní òun ò rí oṣù. Opó, Micah, dókítà. Màmá Edith jókòó sórí àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, ó kù díẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ lù, àwa mẹ́ta gba ilé Mọ́ṣádé lọ: Màmá Edith, ìyàwó àlùfáà àti èmi. Mi ò ní parọ́, èmi ni mo ní ká má jẹ́ kó di ọ̀la. A ti gbàdúrà lójú ọ̀nà, a sì ti pinnu pé a ò ní bínú. A bá a níta tòun ti ìwé àti bírò lọ́wọ́, tó ń wòkè. Mo rò pé ó ń tọrọ ìdáríjì ni.

Màmá Edith di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mọ́ṣádé, ọ̀rọ̀ oṣù tí o ò rí ló gbé wa wá."

Inú Mọ́ṣádé dùn. "Ẹ ṣeun, mà. Ó di ọjọ́ márùn-ún lónìí. Mi ò mọ̀ pé ìjọ ti gbọ́."

"Ta ló ni ín?"

Mọ́ṣádé wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé a ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. "Ọlọ́run ló ni ín, mà. Ta ni ì bá tún ni ín?"

Ìyàwó àlùfáà wá ibi jókòó sí. Màmá Edith rọra ṣàlàyé pé irú ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Násárétì ló sì ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà kó dárúkọ ọkùnrin náà. Mọ́ṣádé ní Dókítà Gbàdàmọ́sí ló gbé iṣẹ́ náà fún òun, àmọ́ Micah ló ń ran òun lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Àlàájà ti jáde wá láti fọwọ́ sí ìwé. Ó gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ìbòrí rẹ̀ fi ṣí. Ìgbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní òṣùpá ojú ọ̀run ni Tíṣà ń wá o, ẹ̀yin ìyá ìjọ. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì nínú wa. Kí Màmá Edith lè rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, wọ́n béèrè ibi tí òṣùpá náà wá lọ.

"Kò lọ ibì kan," ni Àlàájà wí. "Àràárọ̀ ni mò ń rí i tí mo bá ń ṣàlùwàlá fún ìrun àsùbáà. Òkè ibẹ̀ yẹn ló máa ń wà."

Mọ́ṣádé béèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ ò bi mí, Tíṣà. Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i, mo sì ń fọwọ́ sí i."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́ṣádé jáde ní àsùbáà, ó sì bá a níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jókòó ti ìṣirò náà títí ó fi yé e: ojoojúmọ́ ni òṣùpá ń pẹ́ sí i kó tó yọ, ẹni tó bá sì ti ti ilẹ̀kùn láago mẹ́jọ kò lè bá a pàdé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó gba ìdajì máàkì yẹn pé, ó sì yege. Máàkì méjì péré ni Dókítà yọ nínú ìyókù, ti ọjọ́ kọkàndínlógún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú Àlàájà, Màmá Edith sì kọ àdúrà ìlà mẹ́fà mọ́ tiwọn. Dókítà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlẹ́rìí kan ti tó.