Aṣọ Òwú Tí Wọ́n Rán Tóbi

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní abúlé wa lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, aṣọ náílọ́ọ̀nù mi máa ń lẹ̀ mọ́ mi lára, ooru a sì sú bo gbogbo ẹ̀yìn mi. Nígbà tí ìyá mi ra aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, inú mi dùn. Aláìlápá ni wọn yóò fi rán fún mi, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí mi lára.

Ìyá mi sọ fún télọ̀ pé, “Ẹ rán an tóbi o, ọmọ tí ń dàgbà ni.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. “Ṣé òun ni yóò wọ̀ ọ́ ni, Ìyá, àbí ẹ̀yin?”

“Ẹ ṣáà rán an.”

Mo fẹ́ sọ pé kí ó bá mi mu, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Aṣọ náà ń yọ̀ kúrò léjìká mi. Kí àyà mi má baà hàn, ìyá mi ní kí n máa wọ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀. Ooru wá di ìlọ́po méjì. Báyìí ni mo ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ sóko àti sílé ìwé fún ọdún mélòó kan.

Nígbà tí ó wá bá mi mu, mo bọ́ náílọ́ọ̀nù dànù. Kò pẹ́ rárá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé omi, ẹ̀yìn aṣọ náà sì ya. Ó ti gbó.

Ìyá mi nà án sójú oòrùn, wọ́n wò ó títí. “Ó mà ṣe o. Aṣọ yìí kò tù ọ́ lára rí.”

Mo ní, “Ó tù mí lára lọ́sẹ̀ tó kọjá, mà.”

Ìyá mi ń ká a.