Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Wá Fi Hàn Wá

Ní àwọn ọdún tí owó oṣù kò ká nǹkan kan mọ́, tí kì í sì í tètè dé, lébìrà ni bàbá mi nílé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlá. Koríko ẹ̀bá títì ló ń gé. Ìjọba ní àwọn kò lè fi kún owó lébìrà, ṣùgbọ́n àwọn ti rí ọ̀nà mìíràn tí ìṣẹ́ yóò fi dínkù: àwọn yóò ran ìyàwó òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé wá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Gààrí ni ìyá mi ń yan. Páànù tí a fi ìṣó dá lu ló fi ń rin ẹ̀gẹ́, egbò orí ìka rẹ̀ kì í sì í jinná. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀rọ ń bọ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Akọ̀wé kan wá láti ibi iṣẹ́ bàbá mi, ó ní kí àwọn obìnrin hú ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ sílẹ̀, kí àwọn èèyàn ńlá tó ń bọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ náà lè rí i pé ìlú nílò rẹ̀. Ẹni tó bá kó púpọ̀ wá ni wọn yóò kọ́kọ́ fi sínú ẹgbẹ́ tí yóò máa lò ó.

Oko ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo la ní. Òun là ń jẹ nígbà tí owó oṣù bá kọ̀ tí kò dé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá mi máa ń hú u, nítorí ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ kò ní ìyọnu, èyí tí a bá ti hú kì í pẹ́ bàjẹ́. Bàbá mi ní kí ó hú ìdajì. Ìyá mi ní ta ni yóò rí ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àwọn yòókù. Gbogbo rẹ̀ ló hú.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, wọn kò wá. Wọ́n sún un síwájú. Àwa ọmọ ń wọ́n omi sí ẹ̀gẹ́ lórí pápá tí àwọn obìnrin kó o jọ sí, à ń fi ewé bò ó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n sọ̀rọ̀ títí òùngbẹ fi gbẹ wá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n da agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan sí i. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti rìn ín tán. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Lẹ́yìn náà wọ́n pa á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé e padà sínú ọkọ̀.

Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ níwájú akọ̀wé, ó bi í pé ibo ni wọ́n ń gbé e lọ.

"Òkè-Ìlá ni, ìyá. Ibẹ̀ ni wọn ó ti ṣí i lọ́la. Ẹ ṣe sùúrù, tiyín ń bọ̀."

Ìyá mi fi páànù rin ẹ̀gẹ́ títí apá rẹ̀ fi kú, àwa náà bá a rìn ín. Èyí tó kù ti dúdú nínú, ó ti ń rùn. Bàbá mi kó o dà sí ààtàn.

Ìyá mi tún igi ẹ̀gẹ́ gbìn, ṣùgbọ́n ó di ọdún kejì kí ó tó ta, owó oṣù kò sì dé. Obìnrin ará Ìgbájọ kan tó ń gbé ní Ìbàdàn ń wá ọmọ tí yóò máa bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n fún un. Ìyá mi di aṣọ rẹ̀ fún un, ó ní bí ẹ̀gẹ́ bá ti gbó, òun yóò wá mú un.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ gbó, ìyá mi lọ lóòótọ́, ó ru gààrí. Àbúrò mi ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún ìyá wa, ó kúnlẹ̀, ó wá dìde, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí. "Mọ́mì ò sí nílé."

Ìyá mi ní ọmọ náà ń jẹun yó, ara rẹ̀ ń dán, kí ni òun fẹ́ mú un wá jẹ nílé. Òun nìkan ló padà wá.