Jìtá Mi Tí Kò Ní Okùn

Onífọ́tò Sábó ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí o!

Ẹ mọ àwọn jìtá oníná àtijọ́ méjì tí mo fi ń yangàn. Ọ̀gá báńdì wa ní tí fọ́tò èmi àti wọn bá dáa, òun máa lẹ̀ ẹ́ síwájú hòtẹ́ẹ̀lì tá a ti ń ṣeré ní Surulere. Tí ò bá dáa, ti Lásún, ọmọ báńdì wa, lòun máa lẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a yà á, iná kámẹ́rà kọ yànràn lára jìtá, a ò rí nǹkan kan. A tún un yà.

Mo lọ gbà á láàárọ̀ yìí. Ojú mi ń dán. Jìtá ń dán. Okùn kan ṣoṣo ò sí lára wọn!

"Okùn jìtá mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn? Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lára fíìmù, bí mo ṣe máa ń pa irorẹ́ rẹ́ lójú ìyàwó tuntun. Ẹ ò tiẹ̀ kí mi."

Bí mo ṣe gbé e dé hòtẹ́ẹ̀lì, Lásún já fọ́tò gbà lọ́wọ́ mi lójú gbogbo báńdì.

"Ẹ wò ó, orógùn ló gbé dání! Ìgbéyàwó ta lo fẹ́ lọ rokà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá lẹ̀ ẹ́ síwájú hòtẹ́ẹ̀lì lóòótọ́. Ó ní àwọn tó ń wò ó ti pọ̀ ju àwọn tó ń wá gbọ́ orin wa lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ni kí n kọ́kọ́ gbá létí?