Gbádégẹṣin, Bàbá Wáyà

Bí ẹ bá dárúkọ Gbádégẹṣin ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí di òní, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó rántí láti ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ohun tí wọn yóò sì kọ́kọ́ sọ ni ti ọjọ́ tó fi fèrè mọ́tò da Ògbómọ̀ṣọ́ rú.

Ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, lọ́jọ́ ìkórè ìjọ Aládùúrà. Gbádégẹṣin ń wa píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Rúùtù ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í níwájú, Ògúndáre alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà lẹ́yìn láàrin iṣu àti elégédé tí wọ́n ń gbé lọ ìkórè. Bí wọ́n ṣe kan Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, òjò ṣú dùdù. Gbádégẹṣin ní kí òun tan iná mọ́tò. Ó yí suwíìṣì iná. Iná kò tàn o, fèrè ló ké. Pàáàààà!

Ó sáré yí i padà, suwíìṣì já sí i lọ́wọ́. Ó tẹ fèrè, bóyá ìyẹn á pa á lẹ́nu mọ́. Iná iwájú méjèèjì tàn yòò.

“Ẹ dá a dúró!” ni Rúùtù kígbe.

“Kí n dá kí ni dúró? Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá kú síbí, ta ni yóò tì í dé ilé ìyá rẹ?”

Àwọn ará Òkè Ọya tí wọ́n ń ta obì àti àlùbọ́sà ní Sábó sáré jáde. Wọ́n rí iná, wọ́n gbọ́ fèrè, wọ́n ní Gómìnà ló dé. Àgbàlagbà kan na ìkúùkù sókè, ó kí i bí wọ́n ti ń kí ọba nílùú wọn, ó ní, “Ránkà dédé!” Gbádégẹṣin na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí wọn bí ẹni tó ti ń jọba tipẹ́. Rúùtù fi ìborùn bo ojú.

“Gbé ojú sókè jàre,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé òkú ni mo gbé ni?”

Báyìí ni fèrè ń ké lọ láti Sábó dé Ọjà Igbó, tí ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ fẹ, tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín, àfi Rúùtù. Ohun tó gbé wọn rìn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gba ọmọ òun padà lọ́wọ́ ọkọ.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ igbá fífín ni Gbádégẹṣin ń ṣe, kò sì sí ẹni tó fín igbá jù ú lọ ládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Òyìnbó kan tó ń la títì pa píkọ́ọ̀pù kan tì sínú igbó lẹ́yìn ogun Hítílà. Gbádégẹṣin lọ bá a pé òun fẹ́ rà á. Òyìnbó ní kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbádégẹṣin ní èèwọ̀, òun kì í mú ohun tí a kò bá ná. Wọ́n ná an títí oòrùn fi rọ̀, òyìnbó ń fà á wálẹ̀, Gbádégẹṣin ń gbé e lọ sókè, àfìgbà tó sú òyìnbó, tó gba igbá fínfín kan, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ sílé rẹ̀.

Wọ́n ti mọ́tò náà dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibi tí Rúùtù ń sá èlùbọ́ sí gan-an ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí.

Ẹ́ńjìnnì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro, Ògúndáre mọ irin tú. Wáyà ni wàhálà. Wáyà mọ́tò a máa ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ènìyàn lè mọ èyí tó ń lọ sídìí iná àti èyí tó ń lọ sídìí fèrè. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tí orí rẹ̀ kò pé ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo wọn pátá. Àwọn ẹnu wáyà, ìyẹn orí tí wọ́n fi ń kì bọ inú ihò wọn, rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ sábẹ́ ibi ìwakọ̀. Dúdú ni gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdílé tí ọ̀kankan ti wá.

Ògúndáre ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ dànù.

“Kí la gé?” ni Gbádégẹṣin wí. “Ṣé o máa ń gé ọmọ dànù torí pé o kò mọ orúkọ rẹ̀ ni? Bí ọmọ bá wáyé, a ó wo bó ṣe wáyé, a ó sì mọ orúkọ tó mú tọ̀run wá. Àmútọ̀runwá ni n ó fi dá wọn mọ̀.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé bátìrì kalẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó ń fi iná bátìrì kan ẹnu wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Rúùtù ló ní kó dúró síwájú kó máa wo ohun tó bá ṣẹlẹ̀.

“Rúùtù! Kí lo rí?”

“Mo rí èlùbọ́ mi tí kò rí oòrùn.”

“Mo ní iná ńkọ́?”

“Kò sí iná kan níbí... Yéè! Ó tàn o! Ọkọ mi, ó tàn!” Rúùtù gbàgbé ìjà, ó ń fò sókè. Ẹnu wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tan iná jọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jọ sùn sí inú kan. Gbádégẹṣin fi iná kàn án, fèrè ké tòò.

“Ìbejì ni!” ló kígbe lábẹ́ mọ́tò. “Èyí tó tan iná ni Táyé. Èyí tó ń ké ni Kẹ́hìndé. Rúùtù, a ti bí ìbejì o!”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbádùn. Èyí tí wọ́n kì sódì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde ṣáájú orí, di Ìgè. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti tú, tí irun rẹ̀ lọ́ pọ̀, di Dàda. Èyí tó tẹ̀lé ìbejì ta iná pàrà sí i lọ́wọ́, ó jù ú sílẹ̀.

“Ìdòwú nìyí! Ìdòwú alágídí!”

Ìdòwú ni Rúùtù fúnra rẹ̀, torí pé ìbejì ni ìyá rẹ̀ bí kó tó bí i. Ó fọwọ́ lé ìbàdí. “Ta ni alágídí níbẹ̀?”

“Wáyà ni mò ń bá wí.”

“Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà.”

“A kì í yí àmútọ̀runwá padà. Ẹ̀yin Ìdòwú kò tiẹ̀ ṣeé bá sọ̀rọ̀.”

Akúfọ́ igbá ló fín orúkọ wọn sí, àwòrán lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òwú so wọ́n mọ́ ẹnu wáyà lọ́rùn. Kò tíì tó o lójú. Ó ní ọmọ tí a kò fi oyin sọ lórúkọ, ayé rẹ̀ kò lè dùn. Ó gbé oyin Rúùtù kúrò lórí pẹpẹ, ó tọ́ ọ sí gbogbo wọn lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèrà ti bo abẹ́ mọ́tò pátápátá. Ògúndáre dé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, “Ẹ kú ìnáwó o. Àlejò yín pọ̀.”

Wọ́n ń gbọn èèrà lọ́wọ́ ni dẹ́rẹ́bà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ yà sílé wọn. Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì, ìyá Rúùtù, ló gbé wá.

“Ìyá yín ní ó pẹ́ tí ẹ ti wà nílé ọkọ láìgbọ́mọ pọ̀n. Ó ní bí ìkórè bá dé, kí ẹ kẹ́rù yín máa bọ̀. Ó ní ọkùnrin tó bá fẹ́ràn irin, kó máa bá irin gbé.”

Gbádégẹṣin gbọn èèrà ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Èmi fúnra mi ni n ó gbé ọ lọ, nínú mọ́tò tèmi. Bó bá wù ọ́, kí o bá mi padà. Bí kò bá wù ọ́, n kò ní bá ọ jà.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Rúùtù ń kó èlùbọ́, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. “Dàda, jẹ́ n di irun rẹ. Ìgè, rọra, ó ti tán.” Ẹ̀rín ló fẹ́ rín, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ìgbà náà ló yé e pé orúkọ tí ọkùnrin yìí ti ń tọ́jú láti ọjọ́ tó ti gbé òun níyàwó ló ń há fún wáyà. Àánú rẹ̀ ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é. Ó nu ojú, ó mú òwú, ó jókòó tì í.

“Èwo ni a kò tíì so?” ló bi í.

Ọjọ́ ìkórè dé, wọ́n ṣì ń to wáyà. Gbádégẹṣin dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, Ògúndáre wà lókè níbi ihò iná àti ihò fèrè.

“Nínú ìbejì,” ni Gbádégẹṣin kígbe, “ki ẹ̀gbọ́n bọ ihò iná, kí o ki àbúrò bọ ihò fèrè!”

Ta ni ò mọ ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì? Ògúndáre ki Kẹ́hìndé bọ ihò iná, ó ki Táyé bọ ihò fèrè. Wọn kò dán an wò, ìkórè kì í dúró de ẹnìkan. Ní gbogbo ọ̀nà, Gbádégẹṣin ń tẹ fèrè, fèrè kò dún, oòrùn kò sì jẹ́ kó rí iná tó ń tàn níwájú. Ó ní ojú ló ń tì í, bó bá rí èrò yóò sọ̀rọ̀.

Ó sì sọ̀rọ̀ ní Sábó.

Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìbejì lẹ́bàá Ọjà Igbó, ìyá àgbà jáde, ó fọwọ́ di etí. “Ta ló kú?”

Gbádégẹṣin bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. “Ẹ kú ìkórè, Mà! Kò sẹ́ni tó kú o!”

Ògúndáre sáré fa ẹnu wáyà kan yọ. Fèrè dákẹ́. Gbádégẹṣin gbé orí sókè látinú ẹrẹ̀.

“Ògúndáre, mo ní kí o ki ẹ̀gbọ́n bọ ihò iná!”

“Ẹ̀gbọ́n náà ni mo kì bọ̀ ọ́!”

“Táyé ni mo ń wí! Òun ló kọ́kọ́ jáde!”

“Háà! Táyé wá dẹ̀gbọ́n? Ṣé ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ́ ṣá?”

“Ẹ pa ẹnu mọ́!” ni Ìyá Ìbejì wí. “Iwájú ilé èmi tí mo bí ìbejì lẹ ti ń jà sí i? Ta ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò? Ṣebí Kẹ́hìndé ni. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, kò sí àríyànjiyàn.” Ó wá yíjú sí Gbádégẹṣin. “Ìbejì ta tiẹ̀ ni?”

Gbádégẹṣin tú akúfọ́ igbá méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọmọ kékeré kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fín in dáadáa, ó fún wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn.

“Tiwa ni, Mà. Tèmi àti Rúùtù.”

Ìyá Ìbejì wo igbá, ó wo wáyà, ó wo àna rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Èjìká rẹ̀ ni ẹ̀rín kọ́kọ́ mú, kó tó dé ẹnu. Ó rín in títí tó fi di ògiri mú. Àmọ́ àgbà kì í torí ẹ̀rín gbàgbé ọ̀rọ̀. Ó nu ojú, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Rúùtù, o ń dúró tì mí ni, àbí o ń bá ọkọ rẹ padà?”

Gbádégẹṣin kò wo ojú ìyàwó rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

“Ìyá mi,” ló wí, “bí mo bá dúró, ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ?”

Ìyá Ìbejì kò tún sọ ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kà léèwọ̀ fún wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé Kẹ́hìndé kúrò ní ipò ẹ̀gbọ́n. Gbádégẹṣin ní òun ti gbọ́. Ó tún suwíìṣì ṣe, ó sì ki wáyà tí Ògúndáre fà yọ padà sí ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ tan iná, yóò tẹ fèrè. Bó bá fẹ́ fun fèrè, yóò tan iná. Ọlọ́pàá kan dá a dúró lọ́nà Ọ̀yọ́ pé kí ló ń fun fèrè fún.

“Iná ni mo tàn, ọ̀gá.”

“Iná wo ló ń ké?”

“Ẹ̀gbọ́n ni.”

Ọlọ́pàá wọlé, ó tan iná, fèrè ké. Ó tẹ fèrè, iná tàn. Ó sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó máa lọ, òun kò mọ ohun tí òun yóò kọ.

Ọmọ kò dé, ṣùgbọ́n ilé náà kò dákẹ́ rí. Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni ibà dá Gbádégẹṣin gúnlẹ̀. Orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí, ó ṣì ń ṣe ìṣe rẹ̀. Ó ní, “Rúùtù, má jẹ́ kí èèrà jẹ àwọn ọmọ o.” Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ló gbé e lọ sí itẹ́ òkú, Ògúndáre ló wà á. Òjò ti ṣú bí ó ti ṣú lọ́jọ́ Sábó. Wòlíì tó wá sin ín kì í ṣe ará àdúgbò, kò mọ̀ wọ́n. Nígbà tó gbàdúrà tán, ó gbé ohùn sókè: “Kí àwọn ọmọ olóògbé bọ́ síwájú, kí wọ́n wá bu eèpẹ̀ sí bàbá wọn.”

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn obìnrin ń wo ilẹ̀. Rúùtù nìkan dúró létí kòtò, eèpẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ògúndáre rí i láti inú mọ́tò. Omi ti bo ojú rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá òkùnkùn òjò ni kò jẹ́ kí Rúùtù ríran, ó nawọ́, ó tan iná fún un.

Pàáàààà!

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ni gbogbo wọn bá bú sí i, ẹ̀rín ń jáde, omijé ń bọ́, fèrè ń ké lọ.

“Kí nìyẹn?” ni Wòlíì ń bi wọ́n. “Ẹ pa á! Ẹ bá mi pa á!”

Rúùtù gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Wòlíì. Kẹ́hìndé ni. Òun lẹ̀gbọ́n, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ sunkún bàbá wọn.”